Sí Rùkáyà, Lórí Káàdì Tó Lágbára Jù

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Rùkáyà Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ọkàn mi balẹ̀ pé o ti dé Ìbàdàn láìséwu, torí o pè mí nígbà tí ọkọ̀ yín wọ ìlú. Mo mọ̀ pé wàá máa ṣe kàyéfì ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Tí mo bá pè ọ́, ẹ̀rín la máa rín. Wàá ní, "Mọ́mì, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," èmi náà á bú sẹ́rìn-ín, ohun tí mo fẹ́ sọ á sì bá ẹ̀rín lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí mo jókòó ti ẹ̀rọ fọtokópì, tí mo mú bírò. Ohun tí mo bá kọ sílẹ̀, wàá lè tún un kà nígbà tí n kò bá sí nítòsí.

Lọ́jọ́ Ajé wàá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe géèmù Odi. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ ni kí o máa dán káàdì tuntun wò kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí o sọ èyí tó lágbára jù, èyí tí kò lágbára tó, àti èyí tó yẹ kí wọ́n tún ṣe. Ìyá Ṣadé tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bi mí pé, "Ṣé ká sọ pé wọ́n gba ọmọ yẹn síṣẹ́ kó máa ṣeré ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, ìwọ náà sì mọ̀ ọ́n, torí ojú àwa méjèèjì ni káàdì kan ṣoṣo ṣe tú tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ká.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. O ṣì wà ní ilé-ìwé girama nígbà tí àbúrò mi, Ọ̀nkù Ṣàkírù rẹ, wá ṣọdún Iléyá lọ́dọ̀ wa, tó sì gbé géèmù náà dání láti Ìbàdàn. Ó da káàdì rẹpẹtẹ sórí tábìlì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró tì tí wọ́n bá ń retí fọtokópì.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ wò ó. Èmi ní odi, ẹ̀yin náà ní odi. Ogún bíríkì ló wà lára odi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ́ bíríkì tirẹ̀ tán ló pàdánù. Tó bá ti kàn yín, ẹ fa káàdì kan, kí ẹ sì fi oko kan lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oko ló ń mú oúnjẹ wá, oúnjẹ lẹ ó sì fi pe jagunjagun jáde. Iye oúnjẹ tí jagunjagun ń jẹ wà ní igun òkè káàdì rẹ̀. Iye bíríkì tó lè fọ́ wà nísàlẹ̀."

Mo ní, "Ó parí?"

Ó ní, "Ó parí. Ìyókù wà nínú ohun tí wọ́n kọ sára káàdì, àti irú káàdì tí olúkúlùkù bá ṣà jọ láti gbé wá jà. Ìyẹn la ń pè ní dẹ́ẹ̀kì."

Ìwọ lo kọ́kọ́ fẹ́ràn géèmù náà. Èmi, Àgbáǹréré ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn. O rántí káàdì yẹn? Ìwo rẹ̀ ń dán bí idẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì lè fọ́ ìdajì odi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gbogbo èyí tí mo rí ni mo kó sínú dẹ́ẹ̀kì mi. Mo rò pé kò sí ẹni tó lè dúró níwájú mi. Ohun tí n kò wò ni igun òkè. Oúnjẹ mẹ́jọ ni Àgbáǹréré ń jẹ! Kí n tó fi oko mẹ́jọ lélẹ̀, Ṣàkírù á ti tú Ajá Ọdẹ sílẹ̀, ajá kékeré tó ń jẹ oúnjẹ kan péré. Ajá á máa gé bíríkì mi jẹ, èmi á di Àgbáǹréré mú lọ́wọ́, màá máa pariwo pé, "Dúró ná, ó ku oko méjì péré!" Ṣàkírù kò dúró. Ìwọ á máa yí gbirigbiri nílẹ̀ nítorí ẹ̀rín.

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ ti wá. Tí wọ́n bá gbé káàdì tuntun síwájú rẹ níbi iṣẹ́, fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán rẹ̀. Bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà. Igun òkè ni kí o kọ́kọ́ wò, kí o bi ara rẹ pé: nígbà tí èyí bá fi máa jáde, ṣé odi mi á ṣì dúró? Káàdì tó bá pẹ́ kó tó dé gbọ́dọ̀ lè tún gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ ṣe lọ́jọ́ tó bá dé. Tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹwà lásán ni. Àwọn ayàwòrán yín mọṣẹ́ wọn gan-an. Má ṣe jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn bò ọ́ lójú.

Èkejì. Má ṣe dán káàdì wò nígbà tí nǹkan bá dùn fún ọ nìkan. Ìwọ gan-an lo kọ́ mi ní èyí, bóyá o ò tiẹ̀ mọ̀. Mo fi káàdì kan hàn ọ́, Ìlù Ìṣẹ́gun, tó ń fi agbára kún gbogbo jagunjagun tí èèyàn bá ní lórí pápá. Mo ní kò sí irú rẹ̀. O wò ó, o ní, "Mọ́mì, tí ẹ kò bá wá ní jagunjagun kankan lórí pápá ńkọ́?" Òótọ́ ni. Tí n kò bá ní jagunjagun, pépà ni. Tí mo bá sì ti ní jagunjagun mẹ́fà, mo ti ń borí tẹ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi í ṣe? Nítorí náà, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí o máa fojú inú fa káàdì: ìgbà tí o wà lókè, ìgbà tí ẹ jọ dọ́gba, àti ìgbà tí wọ́n ti ń fọ́ bíríkì rẹ kẹ́yìn. Èyí tí inú rẹ bá dùn láti rí ní ìgbà kẹta yìí, fọkàn sí i.

Ti Ọ̀nkù Ṣàkírù tún wà níbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé Alágbẹ̀dẹ àti Idà Ìdílé ló gbé ayé rẹ̀ lé. Tí káàdì méjèèjì bá pàdé lọ́wọ́ kan náà, eré parí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n pàdé lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń bá ẹnìkan ṣeré ní Adó, a sì gbọ́ ìtàn náà títí a fi lè sọ ọ́ fún un. Ṣùgbọ́n mélòó ni ìgbà tó jókòó síwájú mi, tó di Idà mú, tí kò rí Alágbẹ̀dẹ? Tí ẹnìkan bá sọ fún ọ níbi iṣẹ́ pé káàdì kan lágbára torí ohun tí òun pẹ̀lú òmíràn lè jọ ṣe, bi í pé kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe tó bá dá wà. Tí ọ̀kan bá dára fúnra rẹ̀, tí èkejì náà sì dára fúnra rẹ̀, tí wọ́n wá tún ń ti ara wọn lẹ́yìn, ibẹ̀ ni kí àyà rẹ ti já.

Ó yá, jẹ́ kí n dé ọ̀rọ̀ Oníbodè.

Nígbà yẹn, o ti wọ yunifásítì, tábìlì iwájú ṣọ́ọ̀bù wa sì ti di ibi tí gbogbo ìlú mọ̀. Ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ á wá láti Úrò àti Odò-Ọjà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sórí pèpéle, àwọn mìíràn á jókòó sórí páálí pépà mi. Ariwo wọn á gba títì. Nígbà mìíràn mo máa ń dá ẹ̀rọ dúró kí n lè gbọ́ ẹni tó borí. Inú mi ń dùn débi pé mo ra bẹ́ǹṣì kún bẹ́ǹṣì.

Ìgbà yẹn ni páàkì tuntun jáde, Oníbodè sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la jọ wò ó lọ́jọ́ náà. Bàbá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ibodè. Oúnjẹ méjì ló ń jẹ. Bíríkì tó lè fọ́, òdo. Ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí pápá, gbogbo káàdì tí ẹni kejì bá fẹ́ pè jáde á jẹ oúnjẹ kan kún ti tẹ́lẹ̀, àti pé nígbàkúùgbà tí ẹni kejì bá san oúnjẹ ọ̀hún, ìwọ tí o ni Oníbodè á fa káàdì kan. Mo ní, "Òdo? Ta ló fẹ́ fi òdo fọ́ odi?" Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí i nínú páàkì rẹ̀ ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ajá.

Káyọ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. O mọ̀ ọ́n, ọmọ ọ̀dọ́ tó rọra ń sọ̀rọ̀, tó ń kọ́ ìṣirò. Ó ń rìn kiri láàárín wọn, ó ń bi wọ́n pé, "Ṣé o ò lo èyí? Ṣé kí n fún ọ ní méjì fún un?" Wọ́n ń kó Oníbodè fún un tayọ̀tayọ̀.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó borí Káyọ̀dé. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Á gbé Oníbodè kan kalẹ̀, á gbé èkejì tì í, ajá tó ń jẹ oúnjẹ kan á di ajá tó ń jẹ mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ jà á sanwó ibodè, Káyọ̀dé á máa fa káàdì. Ẹni tí kò bá fẹ́ san á jókòó, á máa wo káàdì ọwọ́ rẹ̀. Eré tó máa ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ parí tẹ́lẹ̀ wá ń gùn, ẹnìkan péré ló sì ń ṣe é. Àwọn mìíràn wá Oníbodè tiwọn ra, àwọn náà ń bá ara wọn jókòó láìsọ̀rọ̀. Àwọn tí kò rí rà dẹ́kun wíwá. Kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Sátidé kan, ẹ̀rọ fọtokópì mi ni ariwo kan ṣoṣo tó kù ní iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ìmọ̀ràn tí mo kà sí pàtàkì jù nípa wíwọn agbára káàdì nìyí. Gbogbo wa ń wo ohun tí káàdì lè ṣe sí odi. A ò wo ohun tó lè ṣe sí ẹni tó jókòó sí òdìkejì. Káàdì tó ń gba ìgbà tó kan ẹnìkejì mọ́ ọn lọ́wọ́ lágbára ju èyí tó ń fọ́ bíríkì mẹ́wàá lọ, torí ẹni tí wọ́n fọ́ bíríkì rẹ̀ ṣì lè jà. Bákan náà, káàdì tó ń jẹ́ kí o fa káàdì mìíràn, má ṣe fojú kéré rẹ̀ láé, bó ti wù kí àwòrán rẹ̀ burú tó. Tí o bá rí káàdì kan tó ń ṣe méjèèjì pọ̀, tó sì ń jẹ oúnjẹ díẹ̀, dìde lórí àga rẹ.

O wá sílé lákòókò ìsinmi, o bá bẹ́ǹṣì lófo. O ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí àwa náà wá Oníbodè tiwa."

Mo ní rárá. O ní kí ló dé. Mo ní tí a bá mú tiwa wá, arúgbó méjì ni yóò máa wo ara wọn lórí tábìlì, kò sì sí ọmọ tó máa padà wá wo ìyẹn. Mo ní, "A máa fọ́ ọ. Káàdì tó wà nílé yìí la sì máa fi fọ́ ọ."

Inú rẹ kò dùn sí mi lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀ o bá mi tẹ́ gbogbo káàdì sórí ẹní ní pálọ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí àga. Mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ọ́ pé, "Kí ni Oníbodè lè ṣe sí èyí?" Ìwọ á dáhùn pé á mú un wọ́n. Èyí ńkọ́? Á mú un wọ́n. A ṣe é títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí. Ìgbà tó yá, o mú káàdì oko kan, o ń yí i lọ́wọ́.

O ní, "Mọ́mì, ọ̀fẹ́ la máa ń fi oko lélẹ̀."

Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló kàn?"

O ní, "Oko kì í san nǹkan kan fún Oníbodè."

Oko Orí Àpáta ni káàdì náà. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́ nù torí ó lọ́ra. Kì í mú oúnjẹ wá lọ́jọ́ tí o bá fi lélẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé tí oko rẹ bá ti pọ̀ tó, o lè fún un lóúnjẹ, á dìde láìjẹ́ pé o pè é jáde, á fọ́ bíríkì, á sì tún padà di oko. Ọ̀kan ṣoṣo la ní. Mẹ́rin ni òfin gbà wá láàyè láti kó sínú dẹ́ẹ̀kì, mo sì pinnu pé mẹ́rin la máa ní.

A gun ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ̀, a rí ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan tó ń fi í sàmì sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ṣé a dá a lójú pé ìyẹn gan-an la fẹ́. Ní Emùré, a ò rí nǹkan kan ju òjò lọ. Wọ́n wá ní bàbá kan wà ní Ìgbàrà-Odò, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ kòkó, tó ń kó káàdì jọ torí àwòrán wọn. A bá a níwájú ilé. Ó ní, "Ẹ kú abọ̀ o. Ṣé kò sí láburú ní ulé?" Ìwọ ṣàlàyé ohun tí a wá ṣe. Bàbá wọlé, ó kó Oko Orí Àpáta méjì jáde, ó ní òun fẹ́ràn rẹ̀ torí ó jọ àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́. Mo ní kí bàbá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbà. Bàbá ní kò sí ohun tí òun fẹ́ gbà, pé láti ìgbà tí ọmọ ọmọ òun ti lọ sí Èkó, kò sẹ́ni tó bá òun ṣe é mọ́. Ni èmi àti bàbá bá jókòó. Wọ́n fọ́ odi mi mọ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n sì kó káàdì méjèèjì fún ọ.

Rírí tí a rí káàdì kò parí iṣẹ́ náà. Mo ṣe fọtokópì Oníbodè fún ìdánrawò inú ilé, èmi sì di Káyọ̀dé. Lójoojúmọ́ ni mo ń nà ọ́. Ìgbà kan, o ju káàdì sílẹ̀, o ní kò lè ṣiṣẹ́. Mo ní ká pààrọ̀ àga. Ìgbà tí ìwọ wá di Oníbodè mú, tí èmi ń fi oko lélẹ̀, lo tó rí ohun tó ń da Oníbodè láàmú: tí ẹnikẹ́ni kò bá san án, ebi káàdì á máa pa á. Òun náà kò ní rí ju káàdì kan tí gbogbo èèyàn ń fà lọ. Láti ọjọ́ náà lo ti jáwọ́ nínú sísan. Torí náà, níbi iṣẹ́ rẹ tuntun, má ṣe dá ẹjọ́ káàdì kankan láìjẹ́ pé o ti jókòó sí apá méjèèjì tábìlì. Fi jẹ ẹlòmíràn níyà, kí o sì jẹ́ kí wọ́n fi jẹ ìwọ náà níyà. Má ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí o ní o ti mọ̀ ọ́n. Káàdì tó bá borí lẹ́ẹ̀kan lè jẹ́ pé ó kàn ṣoríire ni.

Nígbà tí ìdíje Odi dé, nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan níbí ní Ìkẹ́rẹ́, ìwọ àti Káyọ̀dé lẹ pàdé níkẹyìn. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ, mo di tẹ̀súbáà mi mú ṣinṣin. O tú ajá sílẹ̀ kí Oníbodè tó jáde, ajá gé bíríkì díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Oníbodè dé, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Àwọn èèyàn ní, "Ó ti tán." O kò pe jagunjagun kankan mọ́. O kàn ń fi oko lélẹ̀. Káyọ̀dé ń retí kí o san, o kò san, káàdì ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Ó rí ẹlẹ́ṣin kan pè, ẹlẹ́ṣin ń fọ́ bíríkì rẹ díẹ̀díẹ̀.

Àpáta mẹ́ta ti wà lórí pápá rẹ nígbà yẹn, ìkẹrin wà lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀kan lo jí dìde. Ọ̀kan péré! Mo fẹ́ pariwo pé jí gbogbo wọn. Ìgbà tó tún kàn ọ́, méjì lo jí. Bí wọ́n ṣe dìde báyìí ni Káyọ̀dé ju Iná Ọyẹ́ sílẹ̀, tó ń jó ohunkóhun tó bá dúró lórí pápá. Àpáta méjèèjì jóná. Gbọ̀ngàn pariwo. Ìwọ kò mira. O fi ìkẹrin lélẹ̀, o dúró kí ìgbà tó tún kàn ọ́. Ó ti ná iná rẹ̀ tán, kò sì sí ẹni tó sanwó kó lè fa káàdì tó pọ̀ tó láti rí òmíràn. O jí méjì tó kù, wọ́n fọ́ odi rẹ̀ tán.

Mo bi ọ́ lẹ́yìn náà pé báwo lo ṣe mọ̀ pé iná wà lọ́wọ́ rẹ̀. O ní o kò mọ̀, pé o kàn mọ̀ pé tó bá wà níbẹ̀, tí o sì jí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, o ti kú nìyẹn. Ọmọ mi, pa ọgbọ́n yẹn mọ́. Ní gbogbo ìjà, kọ́kọ́ mọ ẹni tó yẹ kó kánjú láàárín ìwọ àti ẹnìkejì. Ajá ni kó máa sáré. Àpáta lè dúró. Ọ̀pọ̀ eré tí mo ti pàdánù, mo ní káàdì tó dára lọ́wọ́, mo kàn fi dẹ́ẹ̀kì àpáta sáré bí ajá ni.

Àwọn èèyàn ń gbé ọ jó nígbà tí mo lọ bá Káyọ̀dé níbi tó ti ń kó káàdì rẹ̀ jọ. N kò tíì sọ èyí fún ọ rí. Mo rò pé inú á máa bí i. Mo ní, "Káyọ̀dé, o ṣe dáadáa o."

Ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Inú mi dùn pé ó borí."

Mo ní kí ló dé.

Ó ní, "Mà, mi ò gbádùn ẹ̀ mọ́. Mo kàn ń borí ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í fẹ́ bá mi jókòó mọ́. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá gbé e sílẹ̀, ẹlòmíràn á fi nà mí."

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí wọra. A borí, a gba ife-ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì kò kún bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ti fi káàdì wọn tọrẹ fún àwọn àbúrò wọn, wọ́n ti rí nǹkan mìíràn ṣe lọ́jọ́ Sátidé. O fi í-méèlì ránṣẹ́ sí àwọn tó ni géèmù, o ṣàlàyé Oníbodè fún wọn bí a ṣe lè bá a jà àti ìdí tí kò fi yẹ kó wà rárá. Wọ́n fòfin dè é nínú ìdíje. Wọ́n sì rántí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ohun tó gbé ọ dé Ìbàdàn nìyẹn.

Wàyí o, fetí sílẹ̀ dáadáa. Ẹnìkan ló jókòó sínú ọ́fíìsì tó ronú kan Oníbodè. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́ fún un. Bóyá ẹnìkan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ara ń fu, tó wo ọ̀gá, tó rí i pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ti tó, tó sì dákẹ́. Ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, àwọn ọmọ jìyà ìdákẹ́jẹ́ náà láìmọ ẹni tó dákẹ́.

Ìwọ ni wọ́n máa yí ojú sí báyìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ á dàgbà jù ọ́ lọ, wọ́n á ti ya àwòrán rẹ̀ tán, wọ́n á ti fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọn gbogbo, fún wọn ní ọ̀wọ̀ wọn, ṣe bí ọmọ tí mo bí. Tí kò bá dá ọ lójú, sọ pé kò dá ọ lójú, kí o ní kí wọ́n fún ọ láàyè láti tún un dán wò. Tí o bá sì ti jókòó sí apá méjèèjì, tí o rí i pé káàdì náà máa gba eré mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́, sọ ọ́. Má sọ ọ́ bí ẹni ń tọrọ àforíjì. Gbé dẹ́ẹ̀kì kalẹ̀, ní kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá jókòó síwájú rẹ, kí o lo káàdì náà fún un títí á fi máa wo ọwọ́ rẹ̀ láìrí nǹkan ṣe. Á yé e.

Tí wọ́n bá ṣì kọ̀, tún un sọ lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ kò ní wú gbogbo wọn lórí, ó sì lè rẹ̀ ọ́. Síbẹ̀, sọ ọ́.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, pé kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀. Kí Ọlọ́run fi àwọn èèyàn rere yí ọ ká, kó là ọ́ lóye, kó sì jẹ́ kí ilé àti ọ̀nà dára fún ọ.

Tí wọ́n bá yìn ọ́, mo ti mọ̀ pé wọ́n á yìn ọ́, kò dìgbà tí o bá pè mí fún ìyẹn. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ sọ fún wọn pé káàdì kan kò gbọdọ̀ jáde, tí o sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ọjọ́ náà ni kí o pè mí. Bí mo bá wà lórí ìrun, jẹ́ kó máa dún. Màá gbé e tí mo bá ti sálámà.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kò jẹ́ kí o borí òun lọ́fẹ̀ẹ́ rí,
Ìyá Rùkáyà.